Ilé Baba Aláàfin: Odi Ọ̀yọ́-Ilé àti Ibojì Ọba ní Ìgbòho

Ẹni tó bá ń wá ààfin Aláàfin lónìí, Ọ̀yọ́ tó wà láàárín Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò kọrí sí. Ibẹ̀ ni ọba ń gbé, ibẹ̀ ni Ọjà Akẹ̀sán wà, ibẹ̀ ni àwọn Ọ̀yọ́mèsì, ìgbìmọ̀ ọba, ti ń pàdé. Ṣùgbọ́n ààfin yẹn kò tíì pé 200 ọdún. Ilé baba Aláàfin gan-an, ilé tí àwọn ọmọ Ọ̀rányàn ti jọba fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀dọ̀ wa ní òkè ló wà, nínú ọ̀dàn tí Kìṣí, Ìgbòho àti Igbẹ́tì yí ká.

Bí ènìyàn bá dúró ní Kìṣí, tó kọjú sí gúúsù, Ìgbòho kò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ. Inú igbó kan níbẹ̀ ni wọ́n sin Aláàfin mẹ́rin sí. Bó bá kọjú sí ìlà-oòrùn, Ọ̀yọ́-Ilé ló ń wò yẹn, ìlú tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́ láti nǹkan bí ọdún 1836, síbẹ̀ tí odi rẹ̀ kò tíì pa rẹ́. Ibi mẹ́ta ni ìdílé Aláàfin ti kọ́ ilé kan náà. Méjì nínú ibi mẹ́ta yìí wà ní ìkáwọ́ àwa ará òkè, ó sì yẹ kí á mọ ìtàn wọn ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ilé tí Aganjú ṣe lọ́ṣọ̀ọ́

Àwọn arọ́kin, òpìtàn ààfin, sọ pé Ọ̀rányàn ni baba ńlá tó tẹ Ọ̀yọ́ dó. Àjàká àti Ṣàngó jọba lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó kan Aganjú, ọmọ Àjàká. Aganjú yìí ni ìtàn gbà pé ó sọ ààfin di àwòṣífìlà. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn arọ́kin pé Aganjú kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn ààfin, ó sì fi ọ̀wọ́ òpó idẹ gbé wọn ró. Òun náà ló bẹ̀rẹ̀ àṣà fífi aṣọ olówó iyebíye bo ara ààfin nígbà ọdún.

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé náà. Àwọn ọ̀mọlé á wa amọ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pò ó títí yóò fi kúnná, wọ́n á mọ ìpele kìíní, wọ́n á sì jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́ kí wọ́n tó gbé ìpele kejì lé e. Bí ògiri bá ti ga tó, wọ́n á to igi àjà, wọ́n á sì fi koríko bò ó. Àgbàlá ń bí àgbàlá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ń ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tí a fi ń dá ilé ọba mọ̀ láàárín ilé yòókù ni kọ̀bì, òrùlé ṣónṣó tó yọrí jáde níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ọba ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tí ìlú bá wá kí i.

Koríko tó bo orí ààfin kì í ṣe koríko lásán. Bẹẹrẹ ni, koríko gígùn tó ń hù nínú ọ̀dàn wa yìí. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè, àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ á ru ìdì bẹẹrẹ wá fún Aláàfin. Ọdún Bẹẹrẹ ló ń sọ fún gbogbo ilẹ̀ pé ọdún kan ti parí, òmíràn sì ti wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tó ń dáná sungbó. Ìlú tó bá gbé bẹẹrẹ wá ti jẹ́wọ́ pé Aláàfin ni olórí òun. Èyí tí kò bá gbé e wá ti ṣọ̀tẹ̀. Nítorí náà, orí ààfin yẹn ni gbogbo ilẹ̀ ọba fọwọ́ bò, ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdì koríko tirẹ̀.

Inú ilé náà kún fún ènìyàn tí olúkúlùkù mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ìwẹ̀fà mẹ́ta ni olórí wọn: Ọ̀nà-Ẹfà ń dá ẹjọ́ lórúkọ ọba, Ọ̀tún-Ẹfà ń mójú tó ọ̀ràn Ṣàngó ní Kòso, Òsì-Ẹfà sì ń ṣe kòkáárí owó ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn ìlàrí, tí wọ́n ń fá apá kan orí wọn, ni ìránṣẹ́ ọba sí ìlú jíjìn. Àwọn ayaba olóyè bí Ìyá Ọba, Ìyá Kéré àti Ìyá Nàsó ní àṣẹ tí ọkùnrin kò gbọdọ̀ dá sí. Lẹ́yìn ìlú ni Baara wà, níbi tí wọ́n ń sin Aláàfin sí. Ìyá Mọ́dẹ ló ń ṣọ́ ibojì wọn níbẹ̀, kò sì sí ọba tuntun tó lè dé adé láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn baba rẹ̀ ní Baara.

Ogun Tápà àti ọ̀nà àjò

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, nígbà ayé Aláàfin Onígbògì, àwọn Tápà kọjá Odò Ọya, wọ́n sì fọ́ Ọ̀yọ́-Ilé. Onígbògì sá lọ sí Gbere ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, nítorí pé ọ̀rẹ́ àti àna ni àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ fún Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ló kú sí. Òfinràn tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ kò rí ìfẹ́ tí wọ́n fi gba baba rẹ̀ mọ́. Nígbà tí inú àwọn Ìbàrìbá yí padà sí wọn, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n forí lé ọ̀nà ilé, wọ́n dúró ní Kusu, wọ́n sì gba ọ̀nà Ṣakí. Òfinràn kò dé ilé. Ó kú sí ojú ọ̀nà, àwọn ènìyàn rẹ̀ fi awọ ẹran di òkú rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e tẹ̀ lé ara wọn, torí wọ́n gbà pé Baara ni ọba ń sùn, kì í ṣe ìgbẹ́ onígbẹ̀ẹ́.

Ọmọ rẹ̀, Egunojú, ló rí i pé àkókò kò tíì tó láti padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ó tẹ ìlú tuntun dó sí Ìgbòho, ó mọ odi yí i ká, ó kọ́ ààfin, ó sì sin baba rẹ̀ síbẹ̀. Bí Ìgbòho ṣe di Ọ̀yọ́ nìyẹn fún àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtàn tó so ìdílé ọba Kìṣí náà mọ́ ilẹ̀ Ìbàrìbá wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀nà yìí yé wa. Wọ́n ní Kilisi Yeruma, ọmọ ọba láti apá ibẹ̀, ló tẹ Kìṣí dó, Ìbà sì ni oyè tí ọba Kìṣí ń jẹ. Ààlà ni a wà. Yorùbá àti Ìbàrìbá ti ń fẹ́ra wọn, wọ́n ti ń bára wọn jà, wọ́n sì ti ń gba ara wọn là ní ilẹ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Òkèèrè ni ẹlòmíràn ti ń ka bí Aláàfin ṣe sá lọ sí Gbere. Ní Kìṣí, ọ̀rọ̀ aládùúgbò ni.

Ọba mẹ́rin ní Ìgbòho

Aláàfin mẹ́rin ló jọba ní Ìgbòho: Egunojú, Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, Ajíbóyèdé àti Abípa. Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì jù. Ọkùnrin ni ìwé Johnson pè é. Àwọn arọ́kin mìíràn sọ pé obìnrin ni, pé òun ló gba ìtẹ́ nígbà tí ọmọkùnrin tó dàgbà tó kò sí. Gbogbo wọn gbà pé jagunjagun ni. Òun ló sọ ẹṣin di agbára Ọ̀yọ́. Wọ́n ní ó máa ń so ewé mọ́ ìrù àwọn ẹṣin tó ń bọ̀ lẹ́yìn kí ewé náà lè máa gbá ojú ẹsẹ̀ wọn rẹ́, kí ọ̀tá má mọ ibi tí wọ́n gbà.

Nígbà Ajíbóyèdé ni àwọn Tápà tún dé, Lajomo ọba wọn ló sì ṣáájú. Ogun ń lọ sí òdì fún Ọ̀yọ́. Òsì-Ẹfà kan tó ń jẹ́ Ajanlapa gba aṣọ ọba wọ̀ kí ọ̀tá lè dojú kọ òun dípò olúwa rẹ̀. Wọ́n ta á lọ́fà títí ọfà fi bo gbogbo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n òkú rẹ̀ kò ṣubú. Ó dúró ṣánṣán lórí ọfà, eyín rẹ̀ hàn síta bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ba ọba Tápà, ọwọ́ Ọ̀yọ́ sì tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ìtàn ti so oyè Òsì-Ẹfà mọ́ ẹ̀mí Aláàfin: ẹni tó bá jẹ ẹ́ yóò bá ọba gbé, yóò sì bá ọba lọ.

Abípa ló pinnu láti padà sí ilé baba rẹ̀. Àwọn ìjòyè ti kọ́lé, wọ́n ti dáko, wọn kò fẹ́ kúrò ní Ìgbòho. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọba ti rán ènìyàn lọ wo ilẹ̀ Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n kó abuké, arọ, àfín àti àwọn mìíràn tí ìrísí wọn yàtọ̀ lọ sórí òkè níbẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Lóru, àwọn wọ̀nyí á gbé iná lọ́wọ́, wọ́n á máa rìn káàkiri, wọ́n á máa ké pé kò sí àyè. Àwọn ìránṣẹ́ padà wá jíṣẹ́ pé iwin ti gba ìlú. Abípa kò gbà. Ó rán ògbójú ọdẹ mẹ́fà lọ, wọ́n sì mú gbogbo iwin náà láàyè. Ọba fi wọ́n pamọ́, ó pe àwọn ìjòyè wá mu ọtí, ó sì ní kí iwin kọ̀ọ̀kan gbé ọtí jáde fún ẹni tó rán an. Wọ́n mọ̀ pé àṣírí ti tú, ẹnikẹ́ni kò sì jiyàn mọ́. Bí wọ́n ṣe ń pe Abípa ní Ọba-Mọ́rọ̀ nìyẹn, ọba tó mú ọ̀rọ̀, ìyẹn iwin.

Ọba padà, ṣùgbọ́n ibojì kò padà. Òfinràn, Egunojú, Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé wà ní Igbó Ọba ní Ìgbòho títí di òní.

Ará Skọ́tíláǹdì ní ààfin Májòtú

Lẹ́yìn ìpadàbọ̀ yìí ni Ọ̀yọ́-Ilé gòkè ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Ẹṣin Ọ̀yọ́ dé Dàhọ́mì, Dàhọ́mì sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ láti ọdún 1730. Ṣùgbọ́n ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò ṣàìní ìjà nínú. Láàárín 1754 àti 1774, Baṣọ̀run Gáà ló ń fi ọba jẹ, òun ló sì ń pa wọ́n, títí Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀. Abíọ́dún wàjà ní ọdún 1789. Ní ayé Aólẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àfọ̀njá ti Ìlọrin kọ̀yìn sí Ọ̀yọ́, okùn tó so ìlú pọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ní January 1826, Hugh Clapperton wọ Ọ̀yọ́-Ilé. Ọmọ ìlú Annan ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì ni, ilẹ̀ tí ìdílé ńlá kọ̀ọ̀kan ti ní ilé olódi tirẹ̀. Aláàfin Májòtú gbà á lálejò títí di March. Clapperton kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ó ní odi amọ̀ ìlú náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 20, pé yàrà gbígbẹ yí i ká, pé ẹnubodè mẹ́wàá ló ní. Ilé ọba àti ti àwọn ayaba gba ilẹ̀ tó tó máìlì kan níbùú lóròó ní ẹ̀gbẹ́ gúúsù òkè, pẹ̀lú gbàgede ńlá méjì. Ara òpó àti ilẹ̀kùn ààfin ló dúró wò jù: àwọn ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ sára igi, erè tó ń pa ìgalà tàbí ẹlẹ́dẹ̀ igbó, àti ọ̀wọ́ jagunjagun tí onílù ń tẹ̀ lé. Májòtú sọ fún un pé bí àwọn ìyàwó òun bá di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọn yóò dé Ìjanna, tó wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Richard Lander, tó jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ Clapperton, padà wá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ John ní ọdún 1830. Wọ́n rí i pé wọ́n ti fi odi ìlú náà sílẹ̀ kó máa wó. Láti Ọ̀yọ́-Ilé ni wọ́n ti wá sí Kìṣí ní oṣù May kí wọ́n tó wọ ilẹ̀ Ìbàrìbá. Wọ́n bá ìlú ààlà tó lágbára, tí àlejò láti Borgu, Tápà, Haúsá àti Bọ̀rnú pọ̀ nínú rẹ̀. Olú ìlú ń wó lọ́wọ́, Kìṣí sì ń gba àlejò.

Ọjọ́ tí ilé tú

Olúewu ni Aláàfin tó kẹ́yìn ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ní nǹkan bí ọdún 1835, ó pe àwọn ọba Ìbàrìbá láti bá a ja Ìlọrin, ogun tí a mọ̀ sí ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀. Àwọn ìjòyè kan kò fi ọkàn tẹ̀ lé e, ogun ṣẹ́ wọn, Olúewu sì bá a lọ. Nígbà tí ìròyìn dé ilé, àwọn ará Ọ̀yọ́-Ilé kó ohun tí wọ́n lè rù, wọ́n sì fi ìlú sílẹ̀. Àwọn kan lọ sí Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ wá sí Kìṣí àti Ìgbòho, torí pé odi ìlú wọ̀nyí kò tíì wó. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ agbo ilé tó wà lọ́dọ̀ wa lónìí lè tọ orírun wọn dé inú ìlú tí a ń pè ní ahoro yẹn.

Atìbà, ọmọ Abíọ́dún, ló gbé ìtẹ́ lọ sí Àgọ́-Ọjà, ibi tó lé ní kìlómítà 100 sí gúúsù, tó wá di Ọ̀yọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Kò lè gbé odi, kò lè gbé òpó. Ohun tó gbé ni ètò ilé: Ọ̀yọ́mèsì, ìwẹ̀fà, ìlàrí, oyè àwọn ayaba, Kòso, Baara, Akẹ̀sán. Ó tò wọ́n sí ilẹ̀ tuntun bí wọ́n ṣe wà ní ilé àtijọ́, ó sì jọba títí di 1859. Láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Adélù àti Adéyẹmí, ni ìdílé ọba méjèèjì ti wá, Agúnlóyè àti Alówólódù.

Ilé tuntun náà rí ìjì tirẹ̀. Ní November 1895, Captain Bower, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì, yin ìbọn ńlá sí Ọ̀yọ́ nítorí ẹjọ́ kan tó ti Òkèhò wá, iná sì jó apá kan ààfin. Nígbà tó yá, páànù gba ipò koríko lórí ilé, iṣẹ́ bẹẹrẹ sì dín kù. Síbẹ̀ ìtẹ́ kò bọ́ sọ́wọ́ ìdílé mìíràn. Lámídì Adéyẹmí III, tí wọ́n dé ládé ní January 1971, lo ọdún 51 lórí rẹ̀ kó tó wàjà ní April 2022. Ní April 2025, wọ́n dé Akeem Abímbọ́lá Ọ̀wọ́adé láti ìdílé Agúnlóyè ládé.

Ohun tó kù nínú igbó

Ìjọba amúnisìn sọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́-Ilé di igbó ọba ní ọdún 1941, ó di ibi ìtọ́jú ẹranko lẹ́yìn náà, ní 1991 ó sì di apá kan Old Oyo National Park, tó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Frank Willett ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní ọdún 1956 àti 1957. Robert Soper àti Patrick Darling wọn odi rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Babátúndé Àgbájé-Williams ti Yunifásítì Ìbàdàn rìn ín já, ó sì ṣírò pé ènìyàn tó tó 60,000 sí 140,000 ló gbé ìlú náà nígbà tó kún jù.

Ẹni tó bá débẹ̀ lónìí yóò rí odi tó ti di òkìtì gígùn, pẹ̀lú yàrà tó ṣì jìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yóò rí igi oṣè tó dúró níbi tí agbo ilé wà tẹ́lẹ̀. Igi oṣè wà lára ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi mọ ibi tí ènìyàn ti gbé. Yóò rí àpáàdì nílẹ̀ níbi gbogbo. Yóò sì rí ojú ihò tó jìn nínú àpáta, níbi tí àwọn obìnrin ìlú ti ń lọ ọkà fún ìran dé ìran, tí ọlọ fi jẹ òkúta wọlé. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kan àwọn ojú ọlọ wọ̀nyí fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń dán.

Ní Skọ́tíláǹdì tí Clapperton ti wá, ìdílé MacLeod ti di ilé olódi Dunvegan mú fún nǹkan bí 800 ọdún. Àlejò ń sanwó wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìran tó ń bọ̀ sì ń rí ohun tí baba wọn fi sílẹ̀. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ tiwọn, amọ̀ ni tiwa, òjò kì í sì í ṣojú àánú sí amọ̀. Ìyẹn gan-an ló fi yẹ kí ìtọ́jú tiwa yá ju tiwọn lọ. Láti ọdún 1995 ni orúkọ Ọ̀yọ́-Ilé ti wà lára ibi tí Nàìjíríà fi sílẹ̀ fún UNESCO láti gbé yẹ̀ wò, a kò sì tíì ṣe ohun tó yẹ kí á ṣe láti gbé e kọjá ibẹ̀.

Èrò mi ni pé ètò ilé ni ilé Aláàfin, kì í ṣe ògiri. Ìdí nìyẹn tó fi la ogun Tápà, ogun Ìlọrin àti ìbọn Bower já. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ilé náà wà rí, inú ògiri àti ibojì ló wà, ọwọ́ wa sì ni ẹ̀rí náà wà. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ọ̀nà Igbẹ́tì sí Ọ̀yọ́-Ilé ṣe, kí wọ́n sì mọ ọgbà tó dára yí Igbó Ọba ní Ìgbòho ká. Kí àwọn olùkọ́ ní Kìṣí, Ìgbòho, Igbẹ́tì àti Ṣakí máa kó ọmọ ilé ìwé lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Kí àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ tó ń wọ igbó yé dáná sun ibi tí òkìtì odi wà, kí wọ́n sì yé gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Àgbàlagbà tó bá sì mọ ibi tí baba rẹ̀ ti kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé kó tó dé Kìṣí, kó jókòó ti ọmọ rẹ̀, kó sọ ọ́, kí ọmọ náà sì kọ ọ́ sílẹ̀.